Ilé-ìwé Kì í Ṣe Ti Ọ̀gá Nìkan

 

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ìpínlẹ̀ Kaduna, ọ̀rọ̀ ilé-ìwé àwọn ọmọ wa ni mo gbé wá. Ó ti tó nǹkan bí ogún ọdún tí wọ́n ti fọwọ́ sí i ní Nàìjíríà pé kí gbogbo ilé-ìwé ìjọba ní ìgbìmọ̀ alábòójútó, èyí tí a mọ̀ sí SBMC. Hẹdimásítà wà níbẹ̀, olùkọ́ wà níbẹ̀, òbí, àwọn obìnrin, oníṣẹ́ ọwọ́, títí kan akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá. Láàárín ọdún 2008 sí 2017, ètò ESSPIN, tí owó rẹ̀ wá láti Bìrìtéènì, kọ́ ọ̀pọ̀ irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ ní Kaduna, Kano àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn.

Kí ló fà á? Ọ̀gá tó bá dá gbogbo nǹkan dì mọ́ra, ọjọ́ tí ìjọba bá gbé e lọ síbòmíràn, ètò á dojú dé. Níbi tí igbákejì rẹ̀, àwọn olùkọ́ àgbà àti ìgbìmọ̀ bá ti jọ mọ iye tó wọlé àti ohun tí a fi ṣe, iṣẹ́ kì í dúró. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Àwọn hẹdimásítà kan ń bẹ̀rù pé òbí yóò wá gba iṣẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkọ́ni jẹ́ ti olùkọ́. Ṣùgbọ́n ṣáláńgá, omi, àga, ọmọ tí kò wá sílé-ìwé àti ìṣirò owó kan gbogbo wa. Èyí tó burú ni ìgbìmọ̀ orí ìwé lásán: ọ̀gá á yan àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọn kò sì ní ṣèpàdé.

Àwa àlejò ńkọ́? A máa ń dáwó àga, a kì í lọ sípàdé. A ní a ó padà sílé lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ibí ni ọmọ wa ti ń kàwé. Òfin UBE ọdún 2004 ní gbogbo ọmọ ló ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ọdún kẹta girama. Kò ní ọmọ onílẹ̀ nìkan.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹgbẹ́ àdúgbò kọ̀ọ̀kan béèrè ọjọ́ ìpàdé, kí wọ́n rán ọkùnrin kan àti obìnrin kan lọ. Àwọn ìyá wa lọ́jà gbọ́ Hausa ju ọ̀pọ̀ nínú àwa ọkùnrin lọ. Ẹ bọ̀wọ̀ fún àwọn onílẹ̀, ẹ má bá wọn du ipò alága. Ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ka ìṣirò owó sétí gbogbo ènìyàn. Ẹ jẹ́ ká jí gìrì.