Multimedia kì í ṣe ọ̀rọ̀ ariwo: Ẹ̀mí ọmọ lè wà lọ́wọ́ fídíò ìṣẹ́jú kan

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà máa ń wí. Ó jọ pé òwe yìí ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fídíò ìlanilọ́yẹ̀ ní èdè Yorùbá lásìkò yìí.

Bí èèyàn bá ṣí fóònù rẹ̀, yóò rí oríṣiríṣi wọn: ti ìlera, ti ìdìbò, ti iṣẹ́ àgbẹ̀. Ìlù á máa dún kíkankíkan, lẹ́tà á máa fò sókè sódò, àwòrán mẹ́ta á sáré kọjá kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Nígbà tó bá parí, ẹni tó wò ó á rántí ìlù náà dáadáa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í pé kí ni wọ́n ní kó ṣe, kò ní mọ ohun tó máa sọ.

Ohun tó fa èyí ni pé ọ̀pọ̀ gbà pé bí nǹkan bá ti pọ̀ lójú fóònù, iṣẹ́ ti dára nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ rí rárá. Kì í ṣe bí nǹkan ṣe pọ̀ tó ló ń mú iṣẹ́ multimedia dára, bí kò ṣe ètò tí wọ́n ṣe sí i.

Multimedia tí àwọn òyìnbó ń wí kò ju pé kí wọ́n pa ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ láti fi jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo. Márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń kà: ọ̀rọ̀ kíkọ, àwòrán, ohùn, fídíò, àti àwòrán yíyà tó ń rìn bíi ti eré àwọn ọmọdé. Bí ẹni tó ń wò ó bá tún lè tẹ nǹkan láti yan ibi tó fẹ́ lọ, multimedia náà ti di èyí tó ń dáni lóhùn. Irú rẹ̀ ni ìwé ìmọ̀ Encarta tí iléeṣẹ́ Microsoft gbé jáde sórí àwo kọ̀ǹpútà ní ọdún 1993, tí wọ́n sì dá dúró ní ọdún 2009.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí Yorùbá. Kí kọ̀ǹpútà tó dé làwọn alárìnjó ti ń pa orin, ìlù, ijó àti aṣọ eégún pọ̀ lójú agbo. Àwọn àgbà tó mọ ìwé ìròyìn Atọ́ka, tó bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní àwọn ọdún 1960, kò ní gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbé eré àwọn òṣèré tíátà jáde ní fọ́tò, tí wọ́n á sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. Fọ́tò fi hàn pé baálé ilé ń bínú, ọ̀rọ̀ kíkọ sì sọ ohun tó ń bí i nínú. Fọ́tò kò gba iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ṣe, ọ̀rọ̀ náà kò sì gba iṣẹ́ fọ́tò ṣe. Ìpìlẹ̀ multimedia gan-an nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù ni ọ̀rọ̀ ìlera. Ẹ wo ti ọmọ tó ń ṣu gbuuru. Oògùn ORS inú ọ̀rá tí wọ́n ń rí ní ilé ìwòsàn ló dára jù fún un. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí nítòsí, ìyá ọmọ lè po omi oníyọ̀ àti ṣúgà nílé kí ó tó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ìwọ̀n tí àwọn elétò ìlera fi ń kọ́ni kárí ayé ni lítà omi mímọ́ kan, ṣúgà ṣíbí ìmutíì mẹ́fà, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí ìmutíì kan. Ṣíbí náà gbọ́dọ̀ tẹ́jú ni o, kì í ṣe kí ó ga bí òkìtì.

Ìwọ̀n yìí kì í ṣe ohun àfiṣeré. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ó lè ṣe ọmọ náà ní jàǹbá. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù, ìgbẹ́ gbuuru náà lè le sí i. Nítorí náà, nínú fídíò ìṣẹ́jú kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìwọ̀n mẹ́ta péré niṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ẹ̀ṣọ́ ni gbogbo ìyókù.

Ẹni tó mọ ètò á pín iṣẹ́ náà fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Fídíò ni yóò fi ọwọ́ hàn, bí ó ti ń fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ tẹ́ ojú ṣíbí náà. Ohùn ni yóò sọ pé ṣíbí mẹ́fà ni. Ọ̀rọ̀ kíkọ kò ní ju 6 gàdàgbà kan lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ṣúgà, kó sì dúró síbẹ̀ títí ojú á fi rí i. Bí wọ́n bá kọ ọ̀rọ̀ funfun sórí ohun pípọ́n rúsúrúsú, àfi kí wọ́n má wulẹ̀ kọ ọ́.

Àwọn onímọ̀ náà ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Richard Mayer, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì California ní Santa Barbara lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tó kọ ìwé Multimedia Learning ní ọdún 2001, fi hàn pé ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwòrán máa ń yé èèyàn ju ọ̀rọ̀ nìkan lọ. Ṣùgbọ́n ó tún fi hàn pé bí wọ́n bá fi orin àti àwòrán tí kò kan ọ̀rọ̀ náà kún un, òye ló máa ń dínkù. Bí wọ́n bá sì kọ gbogbo ohun tí ohùn ń sọ sójú àwòrán tó ń rìn, ojú kan náà ni yóò máa kàwé, tí yóò tún máa wòran. Àwọn adití nílò ọ̀rọ̀ kíkọ lóòótọ́, àmọ́ ó yẹ kó ṣe ṣókí, kó sì jẹ́ irú èyí tí ẹni tí kò nílò rẹ̀ lè pa.

Ti ìlù tún wá yàtọ̀ láàárín Yorùbá. Dùndún kì í ṣe ìlù lásán, ó ń sọ̀rọ̀. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tí Yorùbá fi ń mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ni dùndún ń mú jáde. Bí wọ́n bá wá ki dùndún bọ abẹ́ ohùn ẹni tó ń ka ìwọ̀n iyọ̀, èèyàn méjì ló ń sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èwo ni kí ìyá ọmọ gbọ́ níbẹ̀?

Àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ kíkọ náà kò gbẹ́yìn. Bí wọ́n bá kọ "igba" láìsí àmì, ó lè jẹ́ iye owó, ó lè jẹ́ igbá tí wọ́n fi ń bu omi, ó sì lè jẹ́ ìgbà tàbí àkókò. Ó yẹ kí iye, igbá àti àkókò yàtọ̀ síra wọn nínú fídíò tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń sọ pé kọ̀ǹpútà ni kò jẹ́ káwọn lo àmì. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Nínú ètò Unicode tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n àmì orí ẹ́ tàbí ọ̀ máa ń wá lọ́tọ̀, kó tó wá jókòó lé lẹ́tà lórí. Bí irú lẹ́tà tí wọ́n yàn kò bá dára, àmì náà á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àmọ́ irú lẹ́tà tó gbé àmì dáadáa wà lọ́fẹ̀ẹ́. Kí wọ́n yàn án, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú kí wọ́n tó gbé e jáde.

Fóònù olówó pọ́ọ́kú yìí tún mú ọ̀rọ̀ owó wá. Ohùn ìṣẹ́jú kan tí wọn kò fún pọ̀, bíi ti àwo CD, máa ń gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 10. Bí wọ́n bá fún un pọ̀ sí MP3 bó ṣe wọ́pọ̀, kò ju nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 1 lọ. Fídíò tún ń jẹ dátà jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹni tó bá ṣe fídíò tó wúwo láìnídìí ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tálákà tó torí wọn ṣe é.

Àwọn kan á ní bí kò bá sí ìlù àti ijó, kò sẹ́ni tó máa wò ó. Àwíjàre yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, torí pé ẹni tí kò wo fídíò kò lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí làyè ìlù wà. Nígbà tí ìwọ̀n bá dé, kí ìlù dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà wà lára iṣẹ́ ohùn.

Àwọn mìíràn á ní owó ni kò sí. Ètò kò gba owó púpọ̀. Kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà, kí wọ́n fi pẹ́ńsù ya àpótí mẹ́fà tàbí mẹ́jọ sórí ìwé, kí wọ́n kọ ohun tí ojú máa rí àti ohun tí etí máa gbọ́ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ṣe é tán, kí wọ́n pe ìyá mẹ́ta tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì gbé omi, ṣúgà, iyọ̀ àti ṣíbí síwájú wọn. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ṣìwọ̀n, kí wọ́n má dá a lẹ́bi. Fídíò ni kí wọ́n lọ tún ṣe.

Ibi tó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ti dá sí i nìyẹn. Kí wọ́n má san owó fídíò ìlera kankan tán títí wọ́n á fi rí i pé ó yé àwọn tí wọ́n torí wọn ṣe é. Kí àwọn iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn pe onímọ̀ èdè Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kì í ṣe nígbà tí gbogbo nǹkan bá ti bàjẹ́ tán. Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni níṣẹ́ ìròyìn sì máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ nǹkan kúrò nínú fídíò, bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn láti fi kún un.

Ìlù dídùn dára, àwòrán tó rẹwà sì dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí ara ọmọ kò yá, ìlù kọ́ ni ìyá rẹ̀ máa bù fún un mu. Omi ni, ìwọ̀n rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pé.