Ta Ló Ní Kí Onílù Dúró Sẹ́nu Géètì?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo ń gbọ́ ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ. Ẹ ní orin Yorùbá, ti àwọn baba arúgbó ni. Ẹ ní ẹni tó bá fẹ́ mọyì àwọ̀ dúdú rẹ̀, ráàpù Amẹ́ríkà àti rẹ́gè Jàmáíkà ni kó lọ gbọ́. Èmi náà ń gbọ́ wọn, wọ́n sì dùn. Ṣùgbọ́n tá a bá ní ibẹ̀ nìkan niyì wa wà, a ti ń fọwọ́ òsì júwe ilé baba wa nìyẹn.

Ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Ògùn là ń tẹ̀, ì báà jẹ́ Mowé, Ìbàfò tàbí Ìfọ̀. Abẹ́òkúta ò jìnnà sí wa, ìdílé kan níbẹ̀ sì ti dá wa lóhùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ẹni àkọ́kọ́ ni Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti. Láyé ìgbà náà, ohùn orin òyìnbó ni wọ́n ń gbé ka ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa tá à ń kọ́ èdè yìí mọ ohun tíyẹn ń fà: "ọ̀run" á di "ọrùn", ẹni tó ń wá ìjọba Ọlọ́run á wá máa kọrin nípa ọrùn ara rẹ̀. Bàbá yìí fi ohùn ilẹ̀ wa kọ orin ìyìn. Ní 1922, ó kọ wọ́n sínú rẹ́kọ́ọ̀dù Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá ní orin ìbílẹ̀, ti òrìṣà nìkan ni, ẹ rán an létí pé àlùfáà ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kejì ni Fúnmiláyọ̀, ìyàwó Israel ọmọ àlùfáà yìí. Ní 1947, ó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jáde nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn. Orin ni wọ́n fi ń bú, orin ni wọ́n fi ń gba ara wọn níyànjú. Ní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi oyè sílẹ̀, kó tó padà wá ní 1950.

Ẹnì kẹta ni Fẹlá, ọmọ Fúnmiláyọ̀. Ó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1969, ibẹ̀ ló ti ka ìtàn Malcolm X. Ẹ ò rí i pé òun náà gbọ́ tòkèèrè? Àmọ́ kò jókòó sọ́hùn-ún. Ó padà wálé, nígbà tó yá ó ju Ransome nù, ó di Aníkúlápó. Nígbà táwọn sójà dáná sun ilé rẹ̀ ní ọjọ́ 18, oṣù kejì, 1977, orin ló fi dá wọn lóhùn. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní, "Ṣebí pijin ló fi ń kọrin?" Bẹ́ẹ̀ ni, kí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá lè gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n òun á lé, àwọn yòókù á gbè: níbo ló ti kọ́ ìyẹn bí kì í ṣe nílé?

Bí èyí ò bá tó, ẹ wo Cuba. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò nílẹ̀ Yorùbá ò rí ìwé kankan gbé dání. Títí dòní, wọ́n ṣì ń lu bàtá níbẹ̀, wọ́n ń kọrin òrìṣà lédè tí wọ́n ń pè ní Lukumí. Orin ni wọn ò fi gbàgbé ibi tí wọ́n ti wá.

Àwa tá a wà nílé ńkọ́? Níbi ayẹyẹ àṣà tá a ṣe kẹ́yìn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣètò ẹ̀ fi onídùndún sẹ́nu géètì kó máa ki àlejò, kó máa retí náírà. Nínú gbọ̀ngàn, DJ nìkan. Ẹni tó lè gbọ́ pé ọmọ Òwu lèèyàn, kó sì fi ìlù ki orílẹ̀ rẹ̀ fún un, ìta ló wà. Ẹ wọ aṣọ òkè, ẹ dé fìlà, ẹ wá ti ohun tó ń sọ̀rọ̀ síta. Àṣà wo wá nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́?

Ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀. Níbi ayẹyẹ tó ń bọ̀, kí onílù wọlé, kó lo wákàtí kan gbáko kí DJ tó tan ẹ̀rọ ẹ̀. Kí àwa akéwì ẹgbẹ́ yìí má kọ ewì Yorùbá láìfi àmì ohùn sí i mọ́. Kí kálukú lọ béèrè oríkì orílẹ̀ rẹ̀ nílé kí sẹ́mẹ́sítà yìí tó parí. Ẹni tí ò bá rẹ́ni bi nílé, kó bi onílù, tẹ́ ẹ bá ti jẹ́ kó wọlé.