Ẹ̀kọ́ Ẹ̀dá Oníyè àti Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè Yorùbá

Àwọn kan gbà pé ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá oníyè kò kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá. A kò fara mọ́ èrò yìí. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan tí tọkọtaya AS bá ní, ó ṣeé ṣe, ní ìwọ̀n ìdá 25 nínú 100, kí ọmọ jẹ́ SS, kí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan rò pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ti yọ nìyẹn. Rárá o! Ewu kan náà ló wà nínú oyún kejì àti ìkẹta. Àwa tí à ń kọ́ wọn ní orúkọ àbíkú, Málọmọ́, Kòsọ́kọ́, kò yẹ kí a dákẹ́ lórí àrùn tó ṣeé ṣe kó pa púpọ̀ nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ sì ni wọn yóò jẹ́: ọmọ tí egungun ń ro yóò jókòó níwájú wọn, wọn a sì pè é ní ọ̀lẹ.