ORÚKỌ RERE KÒ ṢE É RỌ LÁGBẸ̀DẸ

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Toyota ti ilẹ̀ Jàpáánì kéde pé Century, ọkọ̀ tí òun ti ń ṣe fún àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ náà láti ọdún 1967, kì yóò jẹ́ ọ̀kan lásán nínú àwọn ọkọ̀ Toyota mọ́. Yóò dá dúró lábẹ́ orúkọ tirẹ̀, ipò rẹ̀ yóò sì ga ju ti Lexus lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lè ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kí wọ́n sì ṣí ìwé sí ojú ewé mìíràn. Ní tiwa, a rí i pé ọ̀rọ̀ náà tó ohun tí à ń jókòó gbé yẹ̀ wò. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta ọkọ̀ ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní àgbáyé, tí kò sí ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, kí ni ó tún ń wá tí ó fi ní láti fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́ kí ó tó lè rí i?

Owó ni ìdáhùn kìíní. Èrè tí ó wà lórí ọkọ̀ bọ̀gìnnì kan a máa pọ̀ ju èyí tí ó wà lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké lọ. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ẹni tí ó ra ọkọ̀ kékeré nígbà tí ó jẹ́ akọ̀wé yóò fẹ́ gun èyí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ó bá di ọ̀gá. Bí ilé-iṣẹ́ tí ó ti mọ̀ kò bá ní ọkọ̀ tí ó bá ipò rẹ̀ tuntun mu, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni yóò gbé owó rẹ̀ lọ. Fún àwọn ará Jàpáánì, ìdí pàtàkì mìíràn tún wà. Ní ọdún 1981, ìjọba wọn gbà láti fi òdiwọ̀n sí iye ọkọ̀ tí wọn yóò máa kó lọ sí Amẹ́ríkà: 1,680,000 ni wọn kò gbọdọ̀ kọjá lọ́dún. Oníṣòwò tí a bá sì ti ka iye ẹrù fún, ọgbọ́n tí ó kù fún un ni pé kí ẹrù náà jẹ́ olówó iyebíye.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn fẹ́ ta ọjà fún ọlọ́lá, ọ̀tọ̀ ni kí ọlọ́lá gbà láti rà á. Àwọn àgbà sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọdún 1886 ni Karl Benz gba ìwé àṣẹ lórí ọkọ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì. Ọdún 1937 ni wọ́n tó dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Toyota sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó wà nínú Mercedes ṣeé tú palẹ̀ kí a sì kọ́ ọ. Àkísà rẹ̀, èyíinì ni ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ọba, àwọn olórí ìjọba àti àwọn ọlọ́rọ̀ ti fi ń jókòó sínú rẹ̀, kò ṣeé tú palẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1983, Eiji Toyoda tí ó jẹ́ alága Toyota bi àwọn ènìyàn rẹ̀ léèrè bóyá wọ́n lè ṣe ọkọ̀ kan tí yóò dúró ti èyí tí ó dára jù lọ ní ayé láìtijú. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi dáhùn ìbéèrè náà. Ichiro Suzuki ni olórí àwọn ẹnjiníà tí ó bójú tó iṣẹ́ ọkọ̀ náà. Nǹkan bí 450 ọkọ̀ ni wọ́n sì ṣe fún ìdánwò nìkan kí wọ́n tó ṣe ọ̀kan fún títà. Nígbà tí LS 400 jáde ní ìlú Detroit ní oṣù Kìíní ọdún 1989, orúkọ Toyota kò sí lára rẹ̀. Lexus ni wọ́n pè é. Wọ́n kọ́ ilé ìtajà ọ̀tọ̀ fún un ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi owó rẹ̀ sí nǹkan bí 35,000 dọ́là, iye tí ó kéré púpọ̀ sí ohun tí àwọn ará Jámánì ń gbà lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ìpolówó wọn, wọ́n to àwọn ife ọtí onígíláàsì jọ bí òkìtì sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnì sáré gidigidi. Ife kan kò dànù.

Síbẹ̀, kì í ṣe ife wọ̀nyí ni ó fún Lexus ní orúkọ rere, bí kò ṣe àléébù tí wọ́n rí lára ọkọ̀ náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1989 kan náà, nígbà tí wọ́n ti ta nǹkan bí 8,000, àwọn oníbàárà méjì mú ẹ̀sùn wá, ọ̀kan lórí wáyà, èkejì lórí iná bíréèkì tí ó ń gbóná jù. Méjì péré nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ! Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ni ìbá bẹ àwọn méjèèjì ní ìkọ̀kọ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Ohun tí Lexus ṣe ni pé ó pe gbogbo ọkọ̀ náà padà. Ó rán òṣìṣẹ́ lọ gbé wọn ní ilé àwọn oníbàárà, ó tún wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì dá wọn padà. Fún àwọn tí ó ń gbé ní ọ̀nà jíjìn, ó fi ọkọ̀ òfúrufú kó òṣìṣẹ́ lọ, ó sì háyà ibi tí wọn yóò ti ṣiṣẹ́. Láàárín ogún ọjọ́, iṣẹ́ ti parí. Ohun tí ìbá di ẹ̀gàn di ìyìn, àwọn tí ó ra ọkọ̀ náà ni wọ́n sì di apolówó rẹ̀. Ní ọdún 1991, kò sí ọkọ̀ bọ̀gìnnì ilẹ̀ òkèèrè kan tí ó tà tó Lexus ní Amẹ́ríkà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo apá kejì ọ̀rọ̀ náà ní ilẹ̀ Jámánì. Ìtumọ̀ Volkswagen ni ọkọ̀ àwọn ará ìlú. Ferdinand Porsche ni ó ya àwòrán ọkọ̀ wọn àkọ́kọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ sí Ìjàpá, tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó ní ọdún 1975. Ọmọ ọmọ rẹ̀, Ferdinand Piëch, ni ó di olórí Volkswagen ní ọdún 1993. Bàbá àgbà ṣe ọkọ̀ fún mẹ̀kúnnù. Ọmọ ọmọ fẹ́ ṣe ti ọba. Ó ní òun fẹ́ ọkọ̀ tí yóò lè sáré 300 kìlómítà ní wákàtí kan láti òwúrọ̀ di alẹ́, nígbà tí oòrùn bá mú dé ìwọ̀n 50, tí inú ọkọ̀ yóò sì tutù ní ìwọ̀n 22. Wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ onígíláàsì kan sí àárín ìlú Dresden, tí àwọn tí ń kọjá lọ lè máa wo àwọn òṣìṣẹ́ nínú rẹ̀, tí a fi pákó dáradára tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ bí ìyẹ̀wù ọlọ́rọ̀. Phaeton ni wọ́n pe ọkọ̀ náà, ó sì jáde ní ọdún 2002.

Kò sí ẹni tí ó gùn ún tí ó sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n lójú rẹ̀ níwájú, àmì Volkswagen ni ó wà níbẹ̀, àmì kan náà tí ó wà lójú Ìjàpá. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ títà rẹ̀ ní ọdún 2003 ní iye tí ó ju 60,000 dọ́là lọ, nínú ilé ìtajà kan náà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ra ọkọ̀ kékeré. Kí ọdún 2006 tó parí, wọ́n ti kó o kúrò ní ọjà náà. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró pátápátá ní oṣù Kẹta ọdún 2016, nǹkan bí 84,000 ni gbogbo èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún mẹ́rìnlá.

Èyí tí ó yẹ kí ó jẹ́ ẹ̀kọ́ jù lọ nìyí. Volkswagen ti ra ilé-iṣẹ́ Bentley ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1998. Lórí ìpìlẹ̀ kan náà tí Phaeton dúró lé, pẹ̀lú ẹ́ńjìnì onísílíńdà méjìlá tí àwọn méjèèjì jọ ń lò, ni wọ́n ṣe Bentley Continental GT jáde ní ọdún 2003. Owó rẹ̀ ju ìlọ́po méjì owó Phaeton lọ, síbẹ̀ àwọn ọlọ́rọ̀ ń tò láti rà á. Egungun kan náà, àgbẹ̀dẹ kan náà. Orúkọ nìkan ni ó yàtọ̀.

Ṣé kí a wá sọ pé orúkọ tuntun ni gbogbo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀? Rárá o. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1989 tí Lexus ń jó, Nissan pẹ̀lú gbé orúkọ tuntun tirẹ̀, Infiniti, jáde ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ilé ìtajà ọ̀tọ̀. Nínú ìpolówó rẹ̀ àkọ́kọ́, àpáta àti igi ni wọ́n fi hàn. Wọn kò fi ọkọ̀ hàn rárá. Àwọn ènìyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Orúkọ náà wà títí di òní, ṣùgbọ́n kò dé ibi tí Lexus dé, ó sì ti kúrò ní ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù láti ọdún 2020. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ilé náà kò bá ní ìtàn tí ó fẹ́ sọ, orúkọ dáradára kò lè sọ ọ́ fún un.

Ilé-iṣẹ́ Hyundai ti ilẹ̀ Kòríà mọ èyí. Ní ọdún 1986 tí ó kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà, ọkọ̀ pọ́ọ́kú ni ó kó wá, ó sì ta 168,882 ní ọdún náà. Kò pẹ́ tí àwọn ọkọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, tí Hyundai sì di ohun tí àwọn aláwàdà ń fi ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1998, ó dá oníbàárà lójú pé òun yóò máa tún ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣe fún ọdún mẹ́wàá tàbí 100,000 máìlì. Ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn èyí, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, ni ó tó dá Genesis sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ ọlọ́lá. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2023, ó ti ta ju mílíọ̀nù kan lọ. Ó kọ́kọ́ san gbèsè tí ó wà lórí orúkọ àtijọ́, kí ó tó bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n pe òun ní orúkọ tuntun. Ní Ṣáínà, BYD tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣíṣe bátìrì ní ọdún 1995 ti gbé Yangwang jáde ní ọdún 2023, orúkọ tí owó àwọn ọkọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ju mílíọ̀nù kan yúàn lọ. Ọ̀kan nínú wọn lè léfòó lórí omi. Ó dára, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àléébù bá dé ni a ó mọ irú ẹni tí BYD jẹ́.

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ni ó kan wa nínú ìjà àwọn olówó ilẹ̀ òkèèrè. Ó kàn wá gidigidi. Ní Èkó àti ní Ìbàdàn, tòkunbọ̀ Lexus kún títì wa. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń rà á mọ̀ pé láti ara Toyota Camry ni wọ́n ti mú Lexus ES jáde, pé mẹkáníìkì tí ó mọ ọ̀kan yóò mọ èkejì, àti pé ẹ̀yà ara rẹ̀ kì í wọ́n ní ọjà Ládípọ̀. Àwọn wọ̀nyí gbọ́n. Iṣẹ́ ni wọ́n rà, wọ́n gba ọlá ní èènì. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín wa tí ń fi owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ra àmì tí ó wà níwájú ọkọ̀ tí kò ní pẹ́ dúró sójú títì. A rán wọn létí pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

Ọ̀rọ̀ wa sí àwọn tí ń ṣe nǹkan ní ilẹ̀ wa ni ó tún wúwo jù. Láti ọdún 2010 ni Innoson ti ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ní Nnewi, àwọn mìíràn sì ń to ọkọ̀ pọ̀ níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú tín-ín-rín ohun tí a ṣe nílé kí wọ́n tó dán an wò. Ìwà yìí kò dára, a sì bá àwọn oníṣẹ́ náà kẹ́dùn. Síbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ pé kí á fẹ́ràn ti ilé kò lè wo àrùn náà sàn. Ìlú Jàpáánì àti Kòríà pẹ̀lú ti jẹ́ ohun ẹ̀gàn rí. Ohun tí ó yọ wọ́n ni pé wọ́n ṣe ìlérí tí ó ṣeé kà nínú ìwé, wọ́n sì mú un ṣẹ nígbà tí ó ń dùn wọ́n ní àpò.

Nítorí náà, àbá tiwa ni pé kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣe ọjà ní ilẹ̀ yìí, ìbáà ṣe ọkọ̀, ìbáà ṣe aṣọ, ìbáà ṣe oògùn, kọ ìlérí rẹ̀ sílẹ̀ kí oníbàárà lè mú un dání. Bí ẹ̀sùn méjì bá sì dé, kí ó má ṣe wá ọ̀nà tí yóò fi pa oníbàárà méjì lẹ́nu mọ́. Kí ó pe ọjà náà padà. Kí ìjọba náà sì mú àwọn tí ó bá kọ̀ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè ná wọn lówó ní ọdún yìí, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn kò sí. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Volkswagen ní wúrà, ó ní fàdákà, ó ní ilé-iṣẹ́ onígíláàsì, síbẹ̀ kò rí ọ̀wọ̀ tí ó fẹ́ rà.