Èló Ni Ẹ Fẹ́ Ná Sí Ilé Ìdáná?

Ẹ̀yin ará wa ní Ṣakí, Ìṣẹ́yìn àti gbogbo Òkè-Ògùn, ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè kan. Nígbà tí ẹ kọ́ ilé yín, èló ni ẹ ná sí pálọ̀, èló sì ni ẹ ná sí ibi tí ìyàwó tàbí ìyá yín ti ń dáná?

Ohun tí a ń rí kò dára. Àga tìmùtìmù wà ní pálọ̀, géètì onírin wà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ẹ̀yìnkùlé: páànù mẹ́rin lórí òpó, ògiri tó ti dúdú, ààrò mẹ́ta. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ro ọkà fún gbogbo ilé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń se irú láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti òkè òkun a tilẹ̀ máa fowó ránṣẹ́ láti kọ́ ilé ìdáná ìgbàlódé tó ní kọ́bọ́ọ̀dù. Màmá a tì í pa, wọn a padà sídìí igi, nítorí pé ẹni tó kọ́ ọ kò bi ẹni tó ń dáná léèrè.

Èéfín kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé pa ènìyàn tó mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé. Àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 5 nínú wọn lé ní 237,000. Ní Ìbàdàn nítòsí wa, àwọn olùwádìí fún ìdajì lára àwọn aláboyún 324 ní sítóòfù tó ń lo ẹ́tánọ́ọ̀lù. Ìdajì yòókù ń bá kẹrosíìnì tàbí igi wọn lọ. Èsì tó jáde ní 2017 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru bá nǹkan bí 6 nínú 100 àwọn tí kò gba sítóòfù. Nínú àwọn tó gbà á, nǹkan bí 2 péré ni.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Èédú kò kúkú ní èéfín." Kò ní èyí tí ojú ń rí ni. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì lè pa ènìyàn sínú yàrá tí a tì nígbà ọyẹ́. Ẹlòmíràn yóò ní ìyá òun lo igi títí dọjọ́ ogbó. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ikọ́ àti ojú lọ́wọ́ ìyá náà. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹkún tí èéfín ń fà yìí, a ò fẹ́ rí i ni.

Èló wá ni kí ẹ ná? Ẹ má kọ́kọ́ bi káfíńtà. Ẹ bi ẹni tó ń dáná. Owó àkọ́kọ́ jẹ́ ti atẹ́gùn: fèrèsé méjì tó kọjú síra, àti àlàfo láàrin ògiri àti òrùlé. Owó kejì jẹ́ ti ààrò amọ̀ tó ní ihò èéfín tó yọ kọjá òrùlé. Amọ̀ kò wọ́n nílẹ̀ wa. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti gáàsì, bí agbára bá ká a. Bí gáàsì bá sì wọ́n, tí ẹ padà sídìí igi, fèrèsé àti ihò èéfín ṣì wà níbẹ̀. Táìsì àti kọ́bọ́ọ̀dù ló kẹ́yìn. Bí owó bá tán kó tó kan táìsì, ilé ìdáná yín ti pé. Bí táìsì bá wà, tí èéfín kò rọ́nà jáde, owó yín ti ṣòfò.

Kí baálé tó bá ní kò sówó lọ wo pálọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ gbé àga kan jókòó sídìí ààrò nígbà tí wọ́n bá ń ro ọkà lálẹ́ òní. Bí ẹ kò bá lè fara dà á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ti mọ iye tó yẹ kí ẹ ná.