Ìmọ́tótó Tó Pa Ẹja



Nínú àwọn lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ mi ní oṣù tó kọjá, ọ̀kan wá láti ọwọ́ ìyá ọlọ́mọ méjì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkọ rẹ̀ ra àpótí onígíláàsì ńlá kan láti máa sin ẹja ọ̀ṣọ́ nínú pálọ̀. Ogún ẹja ni wọ́n kó sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò sì pé ọjọ́ mẹ́jọ tí gbogbo wọn fi léfòó. Ìyá yìí ń béèrè bóyá ọwọ́ òun ni kò dára.

Rárá o, ọwọ́ yín dára. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ ètò ilé pàápàá ti pa ẹja rí, ìmọ́tótó ni mo sì fi pa wọ́n. Ní ilé wa ní Ọ̀yọ́, mo ṣàkíyèsí lọ́jọ́ Sátidé kan pé fóòmù inú asẹ́ omi ẹja wa ti dúdú, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́. Mo fi ọṣẹ àti omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ títí ó fi mọ́ bí aṣọ ọdún. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ lójú omi. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, méjì péré ló kù. Ọmọbìnrin mi, tó ti sọ gbogbo wọn lórúkọ, bi mí pé, “Màmá, ṣé ìmọ́tótó náà máa ń pa nǹkan ni?” N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Èsì náà nìyí.

Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù a máa di amóníà, májèlé gidi sì ni fún ẹja. Nínú odò, omi tó ń ṣàn a gbé e lọ. Nínú àpótí, kò síbi tí yóò gbà. Àwọn ẹ̀dá tín-ín-tín tí ojú kò lè rí, tí à ń pè ní bakitéríà, ló ń gba ẹja là. Àwọn kan a sọ amóníà di nitrite, tí òun náà ṣì jẹ́ májèlé. Àwọn mìíràn a sọ nitrite di nitrate, tí ẹja lè fara dà díẹ̀ títí a ó fi pààrọ̀ omi. Inú fóòmù àti òkúta wẹ́wẹ́ inú asẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé. Nítorí náà, asẹ́ ẹja kò dà bí asẹ́ ògì, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó dá èérí dúró lọ. Ilé àwọn òṣìṣẹ́ ni. Èmi fi ọṣẹ pa wọ́n. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọn kò tíì dé rárá nígbà tí ogún ẹja wọlé.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ̀ lé ètò yìí.

Èkíní ni ibi tí àpótí yóò wà. Èyí tó gùn ní 120 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ ní 50, tó sì ga ní 50, yóò gba 300 lítà omi. Omi náà nìkan wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́fà. Ẹ má ṣe gbé e ka orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe ẹsẹ̀ irin fún un, kí ó sì jìnnà sí oòrùn ojú fèrèsé. Ẹ jẹ́ kí wáyà pọ́ǹpù rọ̀ sísàlẹ̀ kó tó gòkè wọ ojú iná, kí omi má baà tọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀. Ẹ rántí pé ọmọdé wà nílé.

Èkejì ni omi. Ìbáà ṣe omi ẹ̀rọ Erelú ní Ọ̀yọ́ tàbí ti odò Ọbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kílórínì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò lè wà nínú rẹ̀. Ẹ pọn ọ́n sínú dúrọ́ọ̀mù tí kò ní ìdérí fún ọjọ́ kan ó kéré tán. Lẹ́yìn náà, ẹ tan asẹ́, kí ẹ máa fi oúnjẹ ẹja díẹ̀ sínú omi lójoojúmọ́ láìtíì kó ẹja sí i. Èyí lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ìgbà tí ìwé àyẹ̀wò omi bá fi hàn pé amóníà ti wá, ó ti lọ, tí nitrite náà sì ti tán, ni ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ fún àlejò.

Ẹ̀kẹta ni ẹja. Epìyà tí à ń sè lọ́bẹ̀ jẹ́ ara ìdílé cichlid, ṣùgbọ́n ó ń tóbi jù fún pálọ̀. Ìbátan rẹ̀ kékeré ni kribensis, ọmọ odò gúúsù Nàìjíríà wa, tí àwọn ará òkèèrè ti ń sìn tipẹ́. Akọ rẹ̀ kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ. Ikùn abo a máa pọ́n bí ó bá fẹ́ yé ẹyin. Ẹ fi ìkòkò amọ̀ kékeré síbẹ̀, inú rẹ̀ ni yóò yé sí, tìyá-tìyá, tọkọ-tọkọ ni wọn yóò sì máa ṣọ́ ọmọ wọn. Ẹ fi akọ kan àti abo kan bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe kó wọn pọ̀ mọ́ àwọn ẹja adágún Màláwì, tí ìjà wọn pọ̀, tí wọ́n sì ń fẹ́ omi tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ìtọ́jú. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ pààrọ̀ ìdá mẹ́rin omi kan. Èyí tí ẹ bá bù jáde dára fún ewébẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Bí asẹ́ bá dí, omi inú àpótí náà ni kí ẹ bù sínú garawa láti fi ṣan fóòmù rẹ̀, láìsí ọṣẹ. Oúnjẹ tí ẹja lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì ti tó. Bí iná bá lọ, pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ alábátìrì yóò gbà yín. Ẹ má sì fún wọn lóúnjẹ títí iná yóò fi dé.

A ti tún kó ẹja sínú àpótí wa, díẹ̀díẹ̀. Ọmọ mi ló ń di garawa mú báyìí nígbà tí mo bá ń ṣan fóòmù, òun náà ló sì ń kìlọ̀ fún mi pé, “Màmá, ẹ má fọ̀ ọ́ jù o.” Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ó di oṣù tó ń bọ̀.