Akẹ́kọ̀ọ́ Wa Nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀: Èdè Ni Ẹlẹ́rìí

Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba Nàìjíríà dá ìfọwọ́sí ìwé-ẹ̀rí yunifásítì ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn kan gba ọ̀kan ní Kútọ̀nú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìfura náà kan akẹ́kọ̀ọ́ olóòótọ́ pẹ̀lú.

Ẹ̀yin òbí ní Igbó-Ọrà àti Èrúwà, owó lè ra ìwé-ẹ̀rí. Kò lè ra èdè. Faransé ni ti ọ́fíìsì, Fọ̀n ni ti ọjà Kútọ̀nú, Gùn ni ti Àjàṣẹ́. Yorùbá wà ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́. Ọmọ tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan gbé ibẹ̀, àlejò ni títí yóò fi padà.

A rọ̀ yín, kí ọmọ tó lọ, ẹ jẹ́ kí ó kọ́ Faransé. Bí ó bá débẹ̀, kí ó máa jọ́sìn pẹ̀lú àwọn onílé.